Dífù Wo Ló Yẹ Píkọ́ọ̀pù Tí Yóò Fa Ẹrù?

Láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì píkọ́ọ̀pù, irin róbótó kan wà tó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé. Òun ni àwọn mọkalíìkì ń pè ní dífù. Ibẹ̀ ni agbára tí ẹ́ńjìnnì ṣe, tí gíábọ́ọ̀sì tún ṣe, tí ṣáfùtù sì gbé wá sẹ́yìn, ti máa ń yà sọ́tùn-ún àti sósì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ táyà. Irin eléyín méjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Píníọ̀nì ni èyí tó kéré, ó wà lẹ́nu ṣáfùtù. Kíráúnì ni èyí tó fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀, òun ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí píníọ̀nì bá ní eyín 10, tí kíráúnì sì ní 41, ṣáfùtù gbọ́dọ̀ yípo lọ́nà mẹ́rin ó lé díẹ̀ kí táyà tó yípo lẹ́ẹ̀kan péré. Tí a bá fi 10 pín 41, a ó rí 4.10. Nọ́ńbà dífù nìyẹn.

Lára àwọn nọ́ńbà tí a máa ń bá lábẹ́ Toyota Hilux ni 3.583 (eyín 43 sí 12), 3.909 (43 sí 11), 4.10, 4.556 (41 sí 9) àti 4.875 (39 sí 8). Bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi sí i ni táyà ń lọ́ra sí i fún ìyípo ẹ́ńjìnnì kan náà, tí agbára tó fi ń ti ilẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Àgbẹ̀ tó fẹ́ yí òkúta kúrò lójú poro mọ ọ̀ràn yìí láìkàwé: ọ̀pá gígùn ni yóò tì bọ abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yóò rìn jìnnà, òkúta yóò kàn sún díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò sún. Dífù nọ́ńbà ńlá ni ọ̀pá gígùn yẹn. Dífù nọ́ńbà kékeré ní tirẹ̀ a máa fún ọkọ̀ ní eré, ẹ́ńjìnnì a sì máa mí jẹ́jẹ́ lójú títì tó tẹ́jú, àmọ́ tí òkè bá yọjú, agbára kì í tó. Kò sí èyí tó ń fúnni ní méjèèjì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan máa ń da àwọn ènìyàn rú lọ́jà. Ẹnì kan á ní òun ń wá dífù “gíga”, ó ní nọ́ńbà ńlá lọ́kàn. Ẹni tó ń tà á á gbé èyí tó ń sáré gíga fún un. Kí oníbàárà dárúkọ nọ́ńbà gan-an ló dára jù, 4.10 tàbí 3.909, kí àṣìgbọ́ má bàa wọ̀ ọ́.

Agbègbè Ìpógun ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, jẹ́ ibi tí nọ́ńbà yìí ti ṣe pàtàkì lójoojúmọ́. Àkúrẹ́ wà lápá kan, ìlú Oǹdó wà lápá kejì, òkè àti àpáta sì pọ̀ káàkiri ilẹ̀ náà, láti Ìgbàrà-Òkè títí lọ kan Ìdànrè. Ilẹ̀ kòkó ni. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà níwájú nínú àwọn ìpínlẹ̀ tó ń mú kòkó jáde ní Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, sì ní ẹ̀ka kan ní Ọ̀wẹnà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Rélùwéè tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 kò yà sápá ibí. Nítorí náà, ọkọ̀ ilẹ̀ ló ń kó kòkó àti igi gẹdú jáde: bọ́lẹ̀kájà alára pákó nígbà àwọn bàbá wa, lẹ́yìn náà Mercedes 911 tí àwọn agbégilódò ṣì ń wà títí dòní.

Ní ọ̀nà oko tóóró, níbi tí ọkọ̀ ńlá kò ti lè yí padà, píkọ́ọ̀pù ló kù. Olóyè Michael Ade-Ojo, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ kan náà, dá ilé iṣẹ́ Elizade sílẹ̀ ní 1971, ó sì wà lára àwọn tó sọ Toyota di ọkọ̀ tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Abájọ tí Hilux fi pọ̀ ní agbègbè náà, tí ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ inú àpilẹ̀kọ yìí sì fi dá lé e. Àpò kòkó 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan, tọ́ọ̀nù kan sì ni ẹrù tí irú píkọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ lè gbé sẹ́yìn tí ara kò fi ní ín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan ló ń gbẹ́rù. Wọn a tún máa so nǹkan mọ́ ìdí rẹ̀: ẹ̀rọ tí a fi ń po kọnkéré, jẹnẹrétọ̀ onítáyà, táǹkì omi, tírélà kékeré tó kún fún pákó. Ìgbà yẹn ni dífù ń fi ara rẹ̀ hàn.

Kí a tó yan dífù, a gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì jẹ́. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì, ló mú un dé ibi tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa ní 1897. Kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ ló ń fún mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbóná kọjá ààlà, tí epo tó bá fọ́n sínú rẹ̀ yóò gbaná fúnra rẹ̀. Nítorí èyí, irin rẹ̀ nípọn, ó wúwo, kì í sì í fẹ́ yípo kíákíá. Ìsàlẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Hilux onílítà 3.0, èyí tí wọ́n ń pè ní D-4D, a máa ní agbára ìyí 343 Nm láti nǹkan bí ìyípo 1,400 ní ìṣẹ́jú kan títí kọjá 3,000. (Nm ni òṣùwọ̀n agbára tí ọwọ́ fi ń yí sípánà; bí ó bá ti pọ̀ tó ni nọ́ọ̀tì ṣe ń tú tó.) Onípẹtiróòlù onílítà 2.7 inú Hilux kan náà kò ju nǹkan bí 241 Nm lọ, ìyípo 3,800 ló sì gbọ́dọ̀ dé kó tó rí i.

Ààlà tí dísẹ́ẹ̀lì ti ń gbádùn iṣẹ́ kò fẹ̀. Bí ìyípo bá já sísàlẹ̀ 1,400, tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fi èéfín ẹ́ńjìnnì fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, kò ní rí èéfín tó láti ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n, á máa tú èéfín dúdú. Bí ó bá ré kọjá 3,500, ariwo àti epo ló ń pọ̀, agbára kò pọ̀ mọ́. Gbogbo iṣẹ́ dífù ni láti rí i pé, ní eré tí ọkọ̀ náà sábà máa ń sá, pẹ̀lú ẹrù tó sábà máa ń rù, ẹ́ńjìnnì wà láàárín ààlà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wo ọ̀rọ̀ yìí lórí òkè kan. Píkọ́ọ̀pù tó wúwo tọ́ọ̀nù méjì ń fa tírélà àti ẹrù tó wúwo tọ́ọ̀nù méjì mìíràn. Òkè náà ń ga ní mítà 6 nínú gbogbo 100 mítà tí a bá rìn. Kò le púpọ̀, irú rẹ̀ pọ̀ láàárín Àkúrẹ́ sí Oǹdó. Ìwúwo tọ́ọ̀nù mẹ́rin náà ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú agbára tó tó gbígbé 240 kílò sókè. Táyà tó ń tẹ ilẹ̀ fi nǹkan bí 60 kílò kún un. 300 kílò nìyẹn, atẹ́gùn kò tíì sí nínú rẹ̀. Ní eré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, atẹ́gùn yóò fi nǹkan bí 25 kílò kún un.

Ó yá, kí ni táyà lè fi tì í? Ká sọ pé ọkọ̀ wà ní gíà tó ń gba agbára kọjá tààrà, ìyẹn ni pé ìyípo kan ẹ́ńjìnnì jẹ́ ìyípo kan ṣáfùtù, àti pé táyà rẹ̀ jẹ́ 265/65R17, tí ìdajì ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 39. Tí a bá yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá tó ń ṣòfò sínú àwọn irin, dífù 3.583 yóò fún wa ní 290 kílò. Kò tó. Ọkọ̀ yóò máa rọ̀, awakọ̀ yóò já gíà sílẹ̀. Dífù 4.10 yóò fún wa ní nǹkan bí 333, yóò kọjá ṣùgbọ́n kò ní fi púpọ̀ ṣẹ́kù. Dífù 4.556 yóò fún wa ní 370, á sì gun òkè náà láìmikàn. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, epo kan náà ni, òkè kan náà ni. Eyín irin méjì ló ṣe ìyàtọ̀.

Ẹnikẹ́ni lè sọ pé ṣebí gíà mìíràn wà, kí awakọ̀ já a sílẹ̀. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí dífù 3.583 fi ń gun òkè náà. Ṣùgbọ́n ìṣòro tó burú jù kì í ṣe lórí òkè, ẹsẹ̀ òkè ni. Kò sí gíà tó rẹlẹ̀ ju gíà kìíní lọ. Píkọ́ọ̀pù tó fa ẹ̀rọ kọnkéré dúró ní ẹsẹ̀ òkè nítorí ọ̀kadà tó ṣubú níwájú. Nígbà tí ọ̀nà là, awakọ̀ tẹná, ó tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ gbọ̀n, kò lọ. Ó tẹ iná sí i. Òórùn kan gba inú ọkọ̀, bí ìgbà tí rọ́bà ń jóná lábẹ́ ìkòkò. Kílọ́ọ̀ṣì ni, ó ń jóná láàárín ẹ́ńjìnnì tó ń yípo àti ẹrù tó kọ̀ láti gbéra. Láti 3.583 dé 4.10, agbára tó dé táyà fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i ní gbogbo gíà, títí kan gíà kìíní àti ti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì léraléra, kó wo dífù rẹ̀ kó tó máa dá awakọ̀ lẹ́bi.

Ojú títì tó tẹ́jú ni a ti ń san gbèsè agbára yìí. Táyà tí a dárúkọ lókè yìí a máa yípo bí 683 ní ìṣẹ́jú kan tí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan. Ní gíà tààrà yẹn, ẹ́ńjìnnì tó ní dífù 3.583 yóò yípo 2,450, onídífù 4.10 yóò yípo 2,800, onídífù 4.556 yóò yípo 3,110, onídífù 4.875 yóò sì sún mọ́ 3,330. Gíà karùn-ún, tó máa ń jẹ́ gíà eré, yóò dín gbogbo wọn kù, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ àárín wọn yóò dúró. Ìyípo tó pọ̀ ń jẹ epo, ó sì ń jẹ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń lọ Èkó lọ́sẹ̀ méjì méjì láìru nǹkan kan yóò mọ̀ ọ́n lápò.

Nítorí náà, ojúṣe ọkọ̀ ni kó yan dífù. Píkọ́ọ̀pù tó ń sáré láàárín ìlú sí ìlú, tó kàn ń fa nǹkan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 3.583 tàbí 3.909 tó o. Èyí tó ń ru kòkó tàbí pákó lójoojúmọ́, tó ń fa tírélà ní ìdajì ìrìn rẹ̀, 4.10 ló bá a mu jù, mo sì rò pé òun ló yẹ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ní agbègbè olókè bíi ti Ìpógun. 4.556 jẹ́ ti ọkọ̀ tí kì í kúrò lọ́nà oko, tí ẹrù kì í kúrò lẹ́yìn rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti wọ̀ ní táyà gìrìwò. 4.875 tọ́ sí onípẹtiróòlù tí kò lágbára nísàlẹ̀. Fún dísẹ́ẹ̀lì, ó pọ̀ jù.

Táyà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mẹ́nu bà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Táyà tó ga ń rìn jìnnà ní ìyípo kan, nítorí náà ó ń sọ dífù di kékeré láìfọwọ́ kàn án. Bí ẹnì kan bá yọ táyà tó ga ní mìlímítà 776, tó fi èyí tó ga ní 840 sí i, kí ọkọ̀ lè ga sókè kúrò nínú ẹrẹ̀, dífù 4.10 rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ bí 3.79 láti ọjọ́ náà. Yóò máa ṣe kàyéfì pé ọkọ̀ òun kò lágbára mọ́, mọkalíìkì yóò sì máa tú ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo láìnídìí.

Iye gíà inú gíábọ́ọ̀sì náà ń ṣe pàtàkì. Láyé ọjọ́un, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kan ní dífù Eaton tó ní nọ́ńbà méjì nínú ara kan: awakọ̀ a fa bọ́tìnnì kan, dífù a wọ ti agbára, yóò tì í padà, a wọ ti eré. Wọ́n nílò rẹ̀ nítorí pé gíà mẹ́rin tàbí márùn-ún kò tó fún òkè àti títì. Gíábọ́ọ̀sì òde òní tó ní gíà mẹ́fà, mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ti dín ìṣòro náà kù, nítorí pé gíà kìíní rẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an, èyí tó kẹ́yìn sì ga. Ní Amẹ́ríkà, Ram oníẹ́ńjìnnì Cummins tí àwọn ènìyàn ń ra láti fa ẹrù ńlá máa ń wá pẹ̀lú 3.42, 3.73 tàbí 4.10, ẹni tó ń rà á ló ń yàn. Ní 2013, Ram 3500 tí wọ́n sọ pé ó lè fa ẹrù 30,000 pọ́n-ùn, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù 13 àti ààbọ̀, dífù 4.10 ló ní. Ẹ́ńjìnnì lágbára tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọn kò fi 3.42 sí i fún iṣẹ́ yẹn.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà jù ni pé wọ́n rò pé dífù ńlá ń jẹ́ kí ọkọ̀ lè fa ohunkóhun. Dífù kò fi irin kún ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kò sì fi bíréèkì kún un. Hilux dísẹ́ẹ̀lì tuntun tí wọ́n gbà láyè ní Bìrìtéènì láti fa tọ́ọ̀nù 3 àti ààbọ̀, tírélà tó ní bíréèkì tirẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Bí tírélà kò bá ní bíréèkì, 750 kílò péré ni. Ọ̀pọ̀ tírélà tí wọ́n ń jó irin rẹ̀ pọ̀ lẹ́bàá títì lọ́dọ̀ tiwa kò ní bíréèkì kankan. Ohun tí ọkọ̀ bá gbé gun òkè, ó gbọ́dọ̀ lè dá a dúró nígbà tó bá ń sọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè, dífù nọ́ńbà ńlá tún ń ṣèrànwọ́: ẹ́ńjìnnì ń di táyà mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ dísẹ́ẹ̀lì kò ní ìlẹ̀kùn tó ń dí afẹ́fẹ́ bíi ti pẹtiróòlù, nítorí náà kì í di ọkọ̀ mú tó bó ṣe yẹ. Kí awakọ̀ wọ gíà kékeré kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kó má dúró dìgbà tí bíréèkì bá ti gbóná.

Kí ẹnikẹ́ni tó ra dífù, kó mọ èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ná. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ pọ̀ tí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti pààrọ̀ dífù rẹ̀, nítorí náà àmì tó wà lára páálí irin kékeré ọkọ̀ lè má bá ohun tó wà nísàlẹ̀ mu mọ́. Kíkà ló dájú. Ẹ fi òkúta dí táyà iwájú méjèèjì, torí pé ẹ gbọ́dọ̀ tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀ kí táyà ẹ̀yìn lè yí. Ẹ fi gíà sí àárín, ẹ fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì ti irin tó dúró gbọn-in sábẹ́ ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sára táyà, kí ẹ tún sàmì sára ṣáfùtù. Kí ẹnì kan máa yí táyà, kí ẹnì kejì máa ka ṣáfùtù. Nítorí pé táyà kejì kò yí, kíráúnì ń yípo ní ìdajì táyà tó wà lókè. Nítorí náà ìyípo táyà 20 jẹ́ ìyípo kíráúnì 10. Bí ṣáfùtù bá yípo 41, dífù 4.10 ni. Bí ó bá jẹ́ 39 ó lé díẹ̀, 3.909 ni. Bí ó bá jẹ́ 36 ó dín díẹ̀, 3.583 ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ yóò gbà, yóò sì gba ènìyàn lọ́wọ́ owó ńlá.

Ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà kan náà níwájú àti lẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn bá jẹ́ 4.10, tí iwájú jẹ́ 3.583, kò ní sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ títí di ọjọ́ tí awakọ̀ bá há sínú ẹrẹ̀, tó wọ fọ́-wílì. Iwájú fẹ́ yára, ẹ̀yìn fẹ́ lọ́ra, ìyà náà á ká sínú irin àárín títí ohun kan yóò fi ṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ dífù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, méjì ni yóò rà.

Bí a bá ń rà á, kíráúnì àti píníọ̀nì kì í yara wọn. Ilé iṣẹ́ ló lọ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń fín nọ́ńbà kan náà sára àwọn méjèèjì. Píníọ̀nì láti inú dífù kan àti kíráúnì láti inú òmíràn yóò máa hu bí ìkòokò, kò sì ní pẹ́ tí eyín yóò fi já. Àǹfààní Toyota ni pé gbogbo orí dífù a máa jáde lápapọ̀ láti iwájú, a sì lè ra odindi rẹ̀, kí a dè é sáyè láìtú ohun tí ilé iṣẹ́ ti tò. Ẹni tó bá yàn láti pààrọ̀ eyín nìkan nílò mọkalíìkì tó ní dáyà tí a fi ń wọn àlàfo àárín eyín, tí kì í ju ìdá kékeré mìlímítà kan lọ, tó sì mọ bí a ti ń kun eyín ní ọ̀dà kí ibi tí wọ́n ti ń kanra lè hàn. Bí ọ̀dà bá fi hàn pé etí eyín nìkan ló ń kanra, kò tíì parí.

Lẹ́yìn ìpààrọ̀, irin tó ń ka eré ọkọ̀ lè máa purọ́, nítorí inú gíábọ́ọ̀sì ló ti ń gba ìròyìn rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 3.583 sí 4.10, yóò máa kọ 80 nígbà tí ọkọ̀ ń sá 70. Epo gíà tó nípọn, èyí tí wọ́n kọ GL-5 sí lára, ni dífù nílò. Ní kìlómítà 800 àkọ́kọ́, kí ọkọ̀ máa lọ jẹ́jẹ́ láìfa tírélà kankan, torí pé eyín tuntun a máa gbóná bí wọ́n ti ń mọ ara wọn. Lẹ́yìn náà, kí a tú epo náà dànù, pẹ̀lú ìyẹ̀fun irin dúdú tó ti ṣẹ́jọ sínú rẹ̀, kí a rọ òmíràn sí i, kí a tó so ẹrù mọ́ ìdí ọkọ̀.